Orin Aláìnítàn: Iṣẹ́ Rudi Stephan, Ará Worms

Bí a bá dárúkọ Rudi Stephan láàárín àwọn tí wọ́n mọ orin ilẹ̀ Jámánì dáadáa, ìmí ẹ̀dùn ni a óò kọ́kọ́ gbọ́. Wọn óò ní, "Ó mà ṣe o, ọ̀dọ́mọdé ni ó kú." Lẹ́yìn náà ni wọn óò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ìbá ṣe bí ó bá pẹ́ láyé. Èmi pàápàá ti kẹ́dùn bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ lókè òkun tí mo sì kọ́kọ́ gbọ́ àwo orin rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé ní ọjọ́ òtútù kan. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbọ́ orin náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dùn náà ń di ìbínú. Àwọn tí ń sunkún ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó ṣe. Ohun tí kò ṣe ni ó gba ẹnu wọn kan. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ wò bí iṣẹ́ tí ó parí, bí ẹni pé ẹni tí ó ṣe é ṣì jókòó níwájú wa tí ó sì lè dá wa lóhùn. Orin rẹ̀ fún ọ̀kẹ́sítírà ni n ó kọ́kọ́ mú, kí n tó wá sórí èyí tí ó ṣe fún ohùn ènìyàn.

Ìtàn ayé rẹ̀ kò gùn. Ìlú Worms, ní etí odò Rhine, ni a bí i sí ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1887. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ orin lọ́dọ̀ Bernhard Sekles ní Frankfurt. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Munich ní 1906, ó sì di ọmọ ẹ̀kọ́ Rudolf Louis. Munich nígbà náà kì í ṣe ìlú tí ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá-orin lè fara balẹ̀ sí. Ìlú ìbí Richard Strauss ni, òkìkí Strauss sì ti bo gbogbo Jámánì. Iṣẹ́ tí Strauss fi gba òkìkí yìí ni pé ó ń fi ọ̀kẹ́sítírà pìtàn. Nínú Till Eulenspiegel, tí ó kọ ní 1895, a ń gbọ́ bí wọ́n ti yẹgi fún aláwàdà náà. Nínú Don Quixote, 1897, a ń gbọ́ igbe agbo àgùntàn láti ẹnu ipè àti fèrè. Olùgbọ́ a di ìwé kékeré kan mú, a sì máa fojú inú wo ìtàn náà bí orin ti ń lọ.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni Stephan wò? Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ọ̀kẹ́sítírà, ti ọdún 1908, Opus 1 für Orchester ni ó pè é, èyí tí í ṣe "iṣẹ́ kìíní fún ọ̀kẹ́sítírà," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1910, ó kọ èyí tí ó pè ní Musik für Orchester. Ní 1911, Musik für Geige und Orchester dé, Geige sì ni fayolíìnì lédè wọn. Ní ọdún kan náà ni Musik für sieben Saiteninstrumente, fún ohun-èlò olókùn méje. Ní 1912 ó tún kọ Musik für Orchester mìíràn, ó sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n sọ àbúrò láìwẹ̀yìn. Àwọn kan rò pé àìlèwá orúkọ ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé Munich tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ìwé kékeré mú nígbà tí wọ́n bá ń lu orin rẹ̀, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ Musik yìí, nítorí ẹgbẹ́ tí ń wádìí èdè Yorùbá ni wá. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí "orin," mo ti ṣi olùkàwé lọ́nà díẹ̀. Orin tiwa ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹnu ni a fi ń kọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìlù nìkan ni, etí Yorùbá kò ní gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kan mo gbé àwo Stephan sí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà tí ó sì parí, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilé onílù ni, bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń fi wí?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn tí mo rò pé Stephan ìbá fún un ni pé wọn kò fi wí ohunkóhun. Ṣíṣe ni wọ́n ń fi ṣe. Ohùn kan jáde, òmíràn tì í, ẹ̀kẹta gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ohùn wọ̀nyẹn ni gbogbo ìtàn tí ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní Munich kan náà, ní ọdún wọ̀nyẹn, Wassily Kandinsky ará Rọ́ṣíà ń ya àwòrán tí ènìyàn àti igi ń pòórá nínú wọn díẹ̀díẹ̀. Improvisation àti Composition ni ó ń pè wọ́n, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn. N kò sọ pé Stephan mọ̀ ọ́n. Arnold Schoenberg pẹ̀lú kọ orin márùn-ún fún ọ̀kẹ́sítírà ní 1909 láìfún wọn ní àkọlé kankan. Nígbà tí ó yá ni ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ béèrè àkọlé, ó sì fún wọn láìfẹ́ tinútinú. Lẹ́yìn ogun, Paul Hindemith, tí òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sekles, fi irú orúkọ gbẹrẹfu báyìí sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, gbogbo ayé sì gbà á. Stephan ti ṣe é ṣáájú.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1911, baba rẹ̀ ná owó kí àwọn ọ̀kẹ́sítírà lè lu iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Munich. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn lámèyítọ́ kò yìn ín. Ó rọrùn lónìí láti bú wọn pé etí wọn di, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Stephan fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ó fi Musik für Orchester ti 1910 sílẹ̀, ó sì kọ òmíràn. Ó tún ti fayolíìnì ṣe ní 1913. Ó tún orin olóhùn ènìyàn tí ó fi ewì Hebbel ṣe kọ ní ọdún 1913 kan náà. Ọkùnrin tí ó bá gbà pé òun ni ó tọ́ kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ àléébù náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé níbo ni ọmọ ẹ̀kọ́ yìí ti di ọ̀gá, n kò ní tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù tí ó tẹ̀lé ìjákulẹ̀ Munich ni n ó tọ́ka sí.

Ìpàtẹ́wọ́ náà kò sì pẹ́ dé. Àjọ̀dún orin tí ẹgbẹ́ Allgemeiner Deutscher Musikverein ń ṣe lọ́dọọdún gba orin olókùn méje wọlé ní Danzig ní 1912. Ní Jena, ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, 1913, wọ́n lu Musik für Orchester tuntun. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Stephan ti di mímọ̀ ní Jámánì.

Orin ti 1912 yìí kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń lọ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdánudúró. Ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú òkùnkùn, ní fẹ̀sọ̀fẹ̀sọ̀, bí ẹni tí ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tí kò sì fẹ́ jí ará ilé. Láti inú ohùn díẹ̀ tí a gbọ́ níbẹ̀ ni a ti hun ìyókù. Ẹni tí ó bá ti wo ahunṣọ yóò mọ ohun tí mo ń wí: òwú kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, nígbà mìíràn ó wà lójú aṣọ, nígbà mìíràn ó sá sábẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fà á níhìn-ín, aṣọ yóò súnkì lọ́hùn-ún. Ní apá kejì, orin náà yára, ó sì di fúgà, èyíinì ni irú orin tí ohùn kan ti ń gbé ọ̀rọ̀ jáde tí òmíràn sì ń lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà kí ti ìṣáájú tó tán. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pe fúgà yìí ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni pé kò sí ọmọ ẹ̀kọ́ Rudolf Louis tí kò lè kọ fúgà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ó fi í sí. Àwọ̀ àti òjìji ni ó ti ń bu lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé olùgbọ́ fẹ́ sùn sínú wọn. Nígbà náà ni ìlà kan ṣoṣo jáde, ó gbẹ, ó mú, kò sì wọ ẹ̀wù kankan. Àwọn tí wọ́n ní Stephan kò ju ọmọlẹ́yìn Debussy lọ ni ibí yìí dá lóhùn.

Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí. Gbogbo ọ̀kẹ́sítírà gbé ohùn sókè, ó sì parí pẹ̀lú ọláńlá, bí ọba tí ń wọ̀lú. Ta ni ó ṣẹ́gun? Ẹni tí ó bá fi orin pìtàn lè yá ìṣẹ́gun lò láti inú ìtàn rẹ̀: akọni pa ọ̀tá, nítorí náà kí kàkàkí dún. Ẹni tí ó bá ti kọ ìtàn sílẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti yá a. Inú ohùn gan-an ni ó ti gbọ́dọ̀ jà kí ó sì borí. Mo gbà pé Stephan jà. Fúgà náà jẹ́ ìjà gidi, ìpadàbọ̀ òkùnkùn ìbẹ̀rẹ̀ sì mú kí ẹ̀rù bani. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tí ó ti sọ pé òun kò ní ṣe, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Strauss. Mo ti gbọ́ orin yìí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì gbọ́ ìparí náà kí ó tẹ́ mi lọ́rùn tán.

Orin ti fayolíìnì kò gbà mí pẹ́. Ìyìn tí ó tọ́ sí i ni pé kò fi fayolíìnì ṣe oníjàkadì tí ń fi iṣan rẹ̀ han èrò, gẹ́gẹ́ bí àṣà ti rí nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Orin ni fayolíìnì ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́sítírà sì ń gbè é. Ṣùgbọ́n agbedeméjì rẹ̀ gùn, ọwọ́ òǹkọ̀wé sì rọ̀ níbẹ̀. Ti ohun-èlò olókùn méje, níbi tí háàpù àti pianó ti bá àwọn ọmọ ìyá fayolíìnì márùn-ún jókòó, lẹ́wà létí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju èyí tí mo ti sọ lọ.

Nísinsìnyí, ẹnì kan lè dìde kí ó bi mí pé, "Bí ọkùnrin yìí bá kórìíra ìtàn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù fi jẹ́ ìtàn?" Liebeszauber ni ó ń sọ, èyí tí mo lè pè ní "Oògùn Ìfẹ́," fún ohùn ọkùnrin àti ọ̀kẹ́sítírà. Ewì Friedrich Hebbel ni, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tí ó gbé ayé láti 1813 sí 1863. Alẹ́ ọjọ́ kan tí ooru mú, tí ìkùukùu ń kóra jọ lójú ọ̀run, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn bí ó ti ń yọ́ jáde. Ó tẹ̀lé e nínú òkùnkùn títí dé ahéré ìyá arúgbó kan tí ó mọ oògùn. Ó yọjú wò wọ́n. Ọmọbìnrin náà wá gba oògùn tí yóò fi fa ọkàn ẹnì kan, ọkùnrin tí ó wà níta kò sì mọ ẹni tí oògùn náà wà fún, àfi ìgbà tí ó hàn pé òun gan-an ni. Nígbà náà ni ó wọlé. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ni pé oògùn náà kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mú ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gún un.

Èsì mi sí ìbéèrè náà ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ ni ó ń pìtàn, ọ̀kẹ́sítírà kò sì gbọ́dọ̀ já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí Stephan fi lé ọ̀kẹ́sítírà lọ́wọ́ ni ooru. Afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́, ara tí ń wọni, ojú ọ̀run tí ó ń sún mọ́ ilẹ̀: èyí ni a ń gbọ́ lábẹ́ ohùn ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi ìró kan ya ìṣísẹ̀ ọmọbìnrin náà, kò sì fi fèrè ṣe ẹ̀rín ìyá arúgbó. Ohùn olórin sún mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ débi pé a gbàgbé pé orin ni. Ohùn ọkùnrin tí ó ga, tẹ́nọ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Nígbà tí ó tún un kọ ní 1913, ó gbé e fún ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, báríténì, mo sì gbà pé ìyípadà yìí ni ó gba iṣẹ́ náà là. Ohùn gíga ìbá ti jẹ́ ohùn olólùfẹ́. Ohùn tí ó rẹlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí òun fẹ́ rí. Àléébù kan wà: níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù, ọ̀kẹ́sítírà bo olórin mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì ti mọ ewì náà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó ṣáájú ni mo fẹ́ràn jù.

Nínú àwọn orin kéékèèké tí ó ṣe fún ohùn àti pianó, àwọn mẹ́fà tí ó pè ní Ich will dir singen ein Hohelied, ti 1913 sí 1914, ni àwọn olórin máa ń yàn jù. Ewì Gerda von Robertus ni wọ́n. Kí n má purọ́, ewì náà kò tó orin: ìpara olóòórùn dídùn ti pọ̀ jù lára wọn. Ọgbọ́n Stephan ni pé ó ké wọn kúrú. Pantherlied, orin ẹkùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó fò, ó bà, ó ti lọ. Bí ó bá fún ewì náà láyè jù bẹ́ẹ̀, a ó ti rí i bí ó ti fẹ́lẹ́ tó. Èyí tí ó ga jù lójú mi nínú gbogbo orin kéékèèké rẹ̀ kò sí nínú àwọn mẹ́fà yìí. Up de eensame Hallig ni, láti inú ewì Detlev von Liliencron, tí àkọlé rẹ̀ wà ní èdè àwọn ará àríwá Jámánì, tí ó sì jìnnà sí Jámánì inú ìwé bí Èkìtì ti jìnnà sí Yorùbá inú Bíbélì. Hallig ni erékùṣù pẹrẹsẹ inú òkun àríwá, tí omi máa ń bò nígbà ìjì. Orin náà ń fà, ó dá wà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwé tí ń kọ́ ọmọ lórin yóò rí ohun kan kíyè sí nínú àwọn orin wọ̀nyí. Ní 1953, Ekundayo Phillips tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá, nínú èyí tí ó fi hàn pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ohùn orin tẹ̀lé. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ojú ọ̀rọ̀ wa ti rí nínú orin ìsìn tí a fi ohùn òkèèrè kọ. Jámánì kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa. Síbẹ̀síbẹ̀, èdè náà ní ibi tí ó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ti ń fò ó, Stephan kò sì jẹ́ tẹ èyí tí ó yẹ kí ó fò. Ẹ fi ẹnu ka ewì náà kí ẹ tó gbọ́ orin rẹ̀, ẹ ó rí i pé orin náà ti wà nínú kíkà yín.

Ó tún kọ eré orí ìtàgé olórin, Die ersten Menschen, lórí Ádámù, Éfà àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Otto Borngräber. Kò sí nínú ohun tí mo dáwọ́ lé. Ní Frankfurt, ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, 1920, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì sí láyé mọ́. Wọ́n ti mú un wọ iṣẹ́ ogun ní 1915. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún náà, ìbọn Rọ́ṣíà pa á nínú kòtò ogun lẹ́bàá Tarnopol, ìlú tí ó wà ní Ukraine lónìí. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ní 1945, nígbà tí àdó olóró sun Worms, àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jóná. Ìpalára èyí fún àwa tí ń ṣe lámèyítọ́ pọ̀: a mọ̀ pé ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn 1911, ṣùgbọ́n àwọn ojú ewé tí a ìbá ti rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń pa èyí rẹ́ tí ó ń fi tọ̀hún sí i ti di eérú. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nìkan ni a lè dì mú.

Àwọn tí ń sunkún a máa to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Franz Marc ayàwòrán, tí ó kú ní Verdun ní 1916, àti ti George Butterworth ará Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kú lẹ́bàá odò Somme ní ọdún kan náà. Kò burú, òkú ogun kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kirill Petrenko, olùdarí ọ̀kẹ́sítírà Berlin Philharmonic, gbé àkójọ àwo rẹ̀ jáde pẹ̀lú wọn ní 2020, Beethoven àti Tchaikovsky ni ó fi Musik für Orchester ti 1912 sí àárín wọn, pẹ̀lú Franz Schmidt. Orin náà kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀ níbẹ̀. Ó jókòó, wọ́n sì lù ú bí wọ́n ti lu ìyókù, a sì gbọ́ àléébù rẹ̀ àti agbára rẹ̀ bí a ti ń gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Àkójọ yìí ni mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n wá. Kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ Liebeszauber láti ẹnu Dietrich Fischer-Dieskau, ẹni tí ó mọ bí a ti ń sọ ewì Hebbel jáde kí ọ̀kẹ́sítírà má baà gbé e mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ Up de eensame Hallig, lálẹ́, nígbà tí ilé bá dákẹ́. Musik für Orchester ti 1912 ni kí ó kẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Kí ẹni tí ìparí rẹ̀ bá sì tẹ́ lọ́rùn wá bá mi ní ọ́fíìsì, kí ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi.